Orí Kẹsàn-án: Kókó àti Jẹjẹrẹ Tí A Kì Í Sábà Rí

Jẹjẹrẹ ọmú, ti ìfun ńlá àti ti ẹnu ilé ọmọ la ti sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àwọn orí tó ṣáájú èyí. Àwọn wọ̀nyẹn ni aláìsàn ń gbé wá sí kílíníìkì lójoojúmọ́, ìtọ́jú wọn sì ti di ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mọ̀. Ó ku àwọn tí dókítà lè fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ kó má rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Wọ́n lè jọ eyín tó jẹrà, wọ́n lè jọ eéwo, wọ́n sì lè jọ ọ̀rá lásán tó sùn sábẹ́ awọ. Níbi ìjọra yẹn ni wọ́n ti ń mú oníṣẹ́ abẹ tó bá kánjú.

Kò sí bí ìwé kan ṣe lè to gbogbo wọn tán, mi ò sì ní dán an wò níbí. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú orí yìí, nítorí pé kókó méjì wà tí wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀: lymphoma Burkitt àti ameloblastoma. Àwọn méjèèjì ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Àwọn méjèèjì ń mú eyín mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé abẹ ti èkíní bí ẹni pé èkejì ni, ọmọ ọlọ́mọ lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì fojú kékeré wo èkejì, yóò gé e, yóò tún un gé, yóò sì tún bá a níbẹ̀.

Àwọn ọmọ tí Burkitt rí

Ní ọdún 1957, Hugh Trowell, oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, olú-ìlú Uganda, ké sí oníṣẹ́ abẹ kan pé kó wá bá òun wo ọmọkùnrin ọmọ ọdún 5 kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lọ́tùn-ún àti lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Denis Burkitt ni oníṣẹ́ abẹ ọ̀hún, ará Ireland, ẹni tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló fi ń ríran láti kékeré. Ohun tó ń wò kò yé e. Eéwo kì í mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, jẹjẹrẹ egungun tó mọ̀ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jinja, ìlú mìíràn ní Uganda. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó tún rí ọmọ mìíràn níta tí ojú rẹ̀ wú bíi ti àkọ́kọ́. Ó jáde lọ bá ọmọ náà àti ìyá rẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan ikùn ọmọ náà, kókó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Ó padà sí Kampala, ó lọ tú ìwé ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ti wá ṣáájú, tó fi mọ́ ti àwọn tó ti kú. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ohun tí àwọn dókítà ti ń kọ sílẹ̀ lónírúurú orúkọ, kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbí, kókó kíndìnrín lọ́hùn-ún, kókó ilé ẹyin níbòmíràn, àrùn kan náà ni. Ọmọ 38 ló kọ̀wé nípa wọn ní 1958. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fojú kàn án o: Albert Cook ti rí irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mengo, ní Kampala kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹnikẹ́ni kò ṣáà so ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ ikùn. Burkitt gan-an pè é ní jẹjẹrẹ egungun àti iṣan. Àwọn onímọ̀ àrùn tó ń fi maikirosíkópù wo ẹran ara, pàápàá Gregory O'Conor àti Jack Davies, ló fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní October 1961, Burkitt àti dókítà méjì mìíràn, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ọkọ̀ Ford àlòkù kan. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá rìn láti Uganda lọ sí ìhà gúúsù Áfíríkà, nǹkan bíi máìlì 10,000. Wọ́n ń yà sí ilé ìwòsàn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ń na fọ́tò ọmọ tí ojú rẹ̀ wú sí àwọn dókítà ibẹ̀: ǹjẹ́ ẹ ti rí irú èyí rí? Bí wọ́n ti ń gba èsì ni wọ́n ń fi àmì sí àwòrán ilẹ̀. Ibi tí ooru ti ń mú, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tí kò sì ga ju nǹkan bíi mítà 1,500 lọ, ni àrùn náà ti ń jà. Ẹni tó bá mọ ibùgbé ẹ̀fọn yóò ti dá àwòrán ilẹ̀ yẹn mọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá, láti Èkó títí dé Kétu ní ilẹ̀ Benin, wà nínú rẹ̀ porogodo.

Ohun tó ń fà á

Ní ọjọ́ 22 oṣù March 1961, Burkitt sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn Middlesex ní London. Anthony Epstein, tó ń ṣe ìwádìí lórí fáírọ́ọ̀sì, wà nínú àwùjọ. Kí ọ̀rọ̀ tó parí ló ti pinnu pé òun yóò máa gba ẹran kókó náà láti Kampala. Ó fi ohun tó ju ọdún méjì lọ wá fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó di ìparí 1963, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ìgò ẹran kan bọ̀ kò lè balẹ̀ ní London nítorí kùrukùru, wọ́n darí rẹ̀ sí Manchester. Ìgbà tí ìgò náà yóò fi tẹ Epstein lọ́wọ́, omi inú rẹ̀ ti ṣú. Ẹlòmíràn ì bá dà á nù pé ó ti bàjẹ́. Epstein kán díẹ̀ sórí gíláàsì, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì alààyè ló já kúrò lára ẹran tó ń léfòó nínú omi náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ló gbà láti máa dàgbà nínú ìgò. Nígbà tí Epstein, Yvonne Barr àti Bert Achong sì wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkópù alágbára ní 1964, fáírọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Òun ni à ń pè ní Epstein-Barr dòní, fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ènìyàn.

Fáírọ́ọ̀sì yìí nìkan kò tó. Èyí tó ju 9 lọ nínú àgbàlagbà 10 káàkiri ayé ló ní in lára, ara wọn sì dá. Ní ilẹ̀ wa, ibà tó ń mú ọmọ lemọ́lemọ́ ló ń ràn án lọ́wọ́: ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí fáírọ́ọ̀sì náà fara pamọ́ sí máa pọ̀ sí i ṣáá, ó sì ń dín agbára tí ara fi ń ṣọ́ ọ kù. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ègé kan lára krómósómù 8 já, kó lọ lẹ̀ mọ́ krómósómù 14. Ègé yẹn ló ru jíìnì MYC, tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín. Ibi tuntun tó bọ́ sí kì í jẹ́ kí àṣẹ náà dá. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ há sórí nínú gbogbo èyí ni ìyára rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kókó Burkitt lè di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì, kò sì sí kókó mìíràn lára ènìyàn tó ń sáré tó o.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Bi ìyá ọmọ pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Àwọn dókítà kan a máa rò pé ìyá ń fi ọjọ́ pamọ́ nítorí pé kókó náà ti tóbi ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Lórí Burkitt, ìyá ló máa ń jàre.

Ọ̀nà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ máa ń jọra. Eyín kan ń mì. Ọmọ ọdún 6 ni, àkókò tí ọmọ ń pààrọ̀ eyín, ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n yọ eyín náà ní kílíníìkì tàbí nílé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹran rírọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láti ojú ihò eyín. Wọ́n fún un lóògùn apakòkòrò, wọ́n lo àgbo, ẹlòmíràn sín gbẹ́rẹ́ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Má ṣe jágbe mọ́ ìyá nítorí gbẹ́rẹ́ yẹn o. Ohun tó wà nínú agbára rẹ̀ ló ṣe, o sì ṣì nílò rẹ̀ fún oṣù mélòó kan sí i.

Bó o bá ti ní kí ọmọ yanu, àwọn eyín ẹ̀yìn ni kó o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn bá ń mì, tí kò sí ihò kankan lára wọn, tí àkókò pípààrọ̀ wọn kò sì tíì tó, fura. Lórí àwòrán X-ray, ìlà funfun tín-ín-rín tó yí gbòǹgbò eyín ká máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́ kí ìyókù egungun tó fi nǹkan kan hàn. Wo ojú ọmọ bóyá ọ̀kan ti ń yọ síta ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà, bọ́ aṣọ rẹ̀, kó o fọwọ́ wá ikùn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ìfun àti ilé ẹyin ọmọbìnrin wà lára ibi tí kókó yìí ń gbé. Ní kó rìn. Bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ń tọ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ tàbí tí kò lè tọ̀ mọ́, kókó ti ń fún ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ pa nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ di ọ̀la.

Àyẹ̀wò tó ń sọ òótọ́ wà nínú ẹran tí a bá bù. Láti inú ẹnu ni kó o ti bù ú, kì í ṣe láti ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó o sì wọlé kọjá ojú ibi tó ti kú tó ń rùn, nítorí sẹ́ẹ̀lì òkú kò lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Kó o tó sọ ẹran náà sínú fọ́málìn, fi ojú tútù rẹ̀ kan gíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wẹ́rẹ́. Onímọ̀ àrùn tó bá mọṣẹ́ lè pa gíláàsì wọ̀nyẹn láró lọ́jọ́ kan náà, kó sì rí sẹ́ẹ̀lì róbótó tí ihò ọ̀rá kéékèèké kún inú omi wọn. Bí èsì ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bá dé lẹ́yìn, ohun tí yóò ṣàpèjúwe ni sẹ́ẹ̀lì dúdú tó tò pọ̀ títí, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń jẹ ìdọ̀tí sì funfun káàkiri àárín wọn. Ojú ọ̀run oníràwọ̀ ni àwọn onímọ̀ àrùn ń pe àwòrán náà. Níbi tí wọ́n bá ti ní oògùn ìdánimọ̀, CD20 àti CD10 yóò fara hàn, Ki-67 yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100 nínú ọgọ́rùn-ún.

N ó dúró díẹ̀ lórí ìgò, nítorí pé lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Fọ́málìn inú ìgò gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran tó o fẹ́ sọ sí i. Ẹran tó kún ìgò fọ́fọ́ tí fọ́málìn kàn án rin ni, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò le, inú rẹ̀ yóò jẹrà kó tó dé lábù. Ẹnu ìgò gbọ́dọ̀ gbòòrò: ẹran rírọ̀ máa ń gba ẹnu ìgò tóóró wọlé, ṣùgbọ́n fọ́málìn a sọ ọ́ di líle, ó di dandan kí wọ́n fọ́ ìgò tàbí kí wọ́n fa ẹran ya kó tó jáde. Má ṣe lo spirit, má sì fi omi iyọ̀ rán ẹran tí yóò sun ojú ọ̀nà. Ara ìgò ni kó o kọ orúkọ sí, má kọ ọ́ sí ìdérí, nítorí ìdérí méjì lè pààrọ̀ ara wọn lórí tábìlì lábù. Lórí fọ́ọ̀mù, kọ ọjọ́ orí ọmọ, iye ọjọ́ tí wíwú náà ti wà, àti ibi mìíràn tí kókó wà lára rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí kò ní ju "kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́" lọ sọ onímọ̀ àrùn di ẹni tí wọ́n di lójú, tí wọ́n sì tún ní kó mọ ẹni tó kọjá.

Kí èsì tó dé, ṣe síkáànù ikùn, yẹ omi ọ̀pá ẹ̀yìn àti mùdùnmúdùn egungun wò, ṣe àyẹ̀wò HIV. Wá iye potassium, phosphate, calcium àti uric acid tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ìtọ́jú: ohun tí wọn kò gé

Ní àsìkò Burkitt, kò sí ẹ̀rọ ìtànṣán ní Kampala, gígé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti já sí òfo: ọmọ a di aláàbọ̀ ojú, kókó a sì yọ níbòmíràn. Ó wá yí sí oògùn. Methotrexate ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà cyclophosphamide àti vincristine. Wọ́n rí ojú tó wú tó orí ọmọ tó wálẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan gba oògùn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n sì yè. Ní Ìbàdàn náà, Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Ní 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà. Oníṣẹ́ abẹ ni àwọn méjèèjì, ohun tí wọn kò gé ni wọ́n sì yìn wọ́n fún.

Lónìí, a máa ń po oògùn wọ̀nyí pọ̀, a sì ń fún ọmọ ní methotrexate sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn kí kókó má bàa sá lọ sínú ọpọlọ. Rituximab ti kún wọn níbi tí owó bá wà. Ní àwọn ilẹ̀ tó lówó lọ́wọ́, nǹkan bí ọmọ 9 nínú 10 ló ń yè. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, oògùn kan náà la sì ń lò. Aláìsàn wa ń pẹ́ kó tó dé, oògùn ń tán ní sítọ́ọ̀, owó ń tán lọ́wọ́ bàbá. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ tí ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́. Ìdílé a rò pé ó ti san, wọ́n á gbé e lọ sílé, kókó á sì padà pẹ̀lú agbára tí oògùn kò ká mọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ nìyí kí oògùn tó wọ ara ọmọ.

Ìyá tó gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń retí iṣẹ́ abẹ. Yóò ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e kúrò lójú ọmọ mi." Bó o bá dáhùn pé a kì í gé e, tó o sì kọjá lọ, ohun tó máa gbọ́ ni pé ọ̀ràn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Jókòó tì í. Sọ fún un pé, "Màmá, inú ẹ̀jẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Bí a bá gé ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti ikùn ṣì wà níbẹ̀. Oògùn tí a máa fà sí i lára ló lè dé ibi gbogbo. Ojú rẹ̀ máa wálẹ̀ láìpẹ́, àmọ́ ẹ má gbé e lọ nígbà tó bá wálẹ̀, torí kò tíì tán." Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń lóye èyí ju bí a ṣe rò lọ.

Kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, rántí ìyára yẹn. Kókó tó ń yára dàgbà ń yára kú pẹ̀lú. Bí sẹ́ẹ̀lì bá bẹ́ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun inú wọn á tú sínú ẹ̀jẹ̀: potassium á ga, ọkàn lè dá iṣẹ́ sílẹ̀, uric acid àti phosphate á di kíndìnrín pa, calcium á lọ sílẹ̀, gìrì á máa mú ọmọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkẹta ni ewu yìí pọ̀ jù. Fa omi sí i lára, lítà 2 sí 3 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan awọ ara rẹ̀ lójúmọ́, má ṣe fi potassium kankan sínú omi náà, fún un ní allopurinol ṣáájú oògùn jẹjẹrẹ, kó o sì máa wọn ìtọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìtọ̀ lóru ń ṣiṣẹ́ tí oníṣẹ́ abẹ kankan kò lè fi abẹ ṣe.

Abẹ kò wá kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Bí kókó bá wà lára ìfun, tó mú kí ìfun kan wọnú ìfun kejì, iṣẹ́ abẹ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, bí gbogbo rẹ̀ bá sì ṣeé yọ níbi ìpàdé ìfun kékeré àti ìfun ńlá, oògùn tí ọmọ yóò gbà lẹ́yìn náà lè dín kù. Ìfun tó wọnú ara rẹ̀ lára ọmọ tó ti kọjá ọdún mẹ́ta, wá kókó nídìí rẹ̀. Ọmọ tí kókó dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè nílò ihò èémí lọ́rùn. Ní ti ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, oògùn tó yára wọlé sàn ju gígé egungun ẹ̀yìn lọ.

Kókó kejì nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà

Ameloblastoma kì í kánjú. Ọ̀dọ́ tàbí àgbàlagbà, láti bí ọmọ ogún ọdún sí ogójì, ló sábà máa ń ní in. Kì í dun ènìyàn, fún ìdí yìí aláìsàn lè gbé e kiri fún ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, kí ojú tó wọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó mọ awọ funfun eyín ló ṣìnà. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn, ni ibùjókòó rẹ̀. Nínú àwọn kókó tó ń ti ara eyín wá ní Nàìjíríà, òun ni a ń rí jù. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ẹnu àti eyín yóò rẹ́rìn-ín pé mo kà á mọ́ ohun tí a kì í sábà rí, ṣùgbọ́n dókítà ìlú kékeré lè má rí ju ẹyọ kan lọ.

Fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun náà: níbi tó ti di fẹ́lẹ́, yóò dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ bí èèpo ẹyin. Àwòrán X-ray yóò fi yàrá kéékèèké hàn tó fara kanra. Kì í sábà tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, a kì í sì í pè é ní jẹjẹrẹ. Orúkọ rere tó ní yìí ló ń kó bá oníṣẹ́ abẹ. Bó bá rò pé kókó jẹ́jẹ́ ni, tó fi irin ha á jáde kúrò nínú egungun, ó ti fi àwọn ẹ̀ka tó ti wọ inú egungun tó yí i ká sílẹ̀ nìyẹn. Yóò padà. Ìgbà mìíràn, ọdún mẹ́wàá á ti kọjá, aláìsàn á ti gbàgbé orúkọ dókítà.

Fún irú èyí tó le, tó ní yàrá púpọ̀, a máa ń gé egungun náà kọjá ibi tí àwòrán ti fi kókó hàn, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ́tùn-ún àti lósì. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó bá gé àgbọ̀n gbọ́dọ̀ ti ronú ohun tí yóò fi dípò rẹ̀ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ: irin, egungun ìbàdí, tàbí egungun tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ ojúgun pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Obìnrin tó lọ́jà tó ń tà kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yọ kókó tó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìrọ́pò. Irú oníyàrá kan wà tó ṣeé fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú, ṣùgbọ́n onímọ̀ àrùn ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Láti 2014 ni a ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àyípadà nínú jíìnì BRAF, oògùn tó ń dojú kọ ọ́ sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí bíbù ẹran ti ń ṣe jàǹbá

Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa bíbù ẹran wò, àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́. Kókó inú kórópọ̀n, má ṣe gba ara àpò rẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́. Wá AFP àti hCG nínú ẹ̀jẹ̀, kó o sì yọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Kókó lórí ẹṣẹ́ tó jókòó sórí kíndìnrín, tí ẹ̀jẹ̀ ríru, orí fífọ́ àti òógùn bá a rìn, abẹ́rẹ́ tó o bá fi kàn án lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dìde débi tí aláìsàn yóò kú. Wá metanephrine nínú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, fún un lóògùn tó ń dènà alpha fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí èyí tó ń dènà beta tó tẹ̀ lé e, má ṣe yí i padà.

Kókó itan tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tó wà nísàlẹ̀ iṣan, má pè é ní ọ̀rá títí àwòrán MRI àti abẹ́rẹ́ ńlá yóò fi jẹ́rìí sí i. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ìkẹyìn ló yẹ kó yan ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, nítorí ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ bá kókó jáde. Gígé kọjú sí gígùn ẹsẹ̀, má ṣe dábùú rẹ̀. Ẹni tó já kókó bẹ́ẹ̀ jáde lọ́sàn-án kan lábẹ́ oògùn apàmọ̀lára lásán ti tú u ká sínú itan tó mọ́.

Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò jiná, tàbí ìlà dúdú lábẹ́ èékánná tó ń fẹ̀ sí i, lára àgbàlagbà wa, má fi ìṣó tàbí bàtà ṣe ìdí rẹ̀ kó o sì dákẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná ni melanoma, jẹjẹrẹ awọ, ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Bob Marley, olórin reggae, rò pé bọ́ọ̀lù ló ṣe òun léṣe ní ọmọ ìka ẹsẹ̀; melanoma ni. Ó kú ní May 1981, lẹ́ni ọdún 36.

Fún ìjíròrò ní kíláàsì

1. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 dé láti abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ikùn rẹ̀ ti wú fún ọjọ́ 12, ó ń bì, kò sì tọ̀ láti àná. Síkáànù fi kókó hàn lára ilé ẹyin méjèèjì àti kíndìnrín ọ̀tún. Ọ̀gá rẹ ní kó o pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọ̀la. Kí ni wàá kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá, àyẹ̀wò wo ni wàá sì ṣe lálẹ́ òní?

2. Ìgò kan dé lábù pẹ̀lú ẹran tó tó ìkúùkù ọmọdé nínú fọ́málìn tí kò tó ife kékeré kan. Kí ni onímọ̀ àrùn lè ṣì rí níbẹ̀, kí ni kò sì ní rí mọ́?

3. Ọkùnrin ọmọ ọdún 34 kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ní èsì àyẹ̀wò ẹran kankan lọ́wọ́. Wíwú náà ti padà. Kọ lẹ́tà tí wàá fi rán an sí ilé ìwòsàn ńlá.